Ojú Tó Ń Kọ́kọ́ Rí Oṣù

Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní ọdún 1962 kò ní àmì kankan lára. Ọyẹ́ ń fẹ́ níwọ̀nba, àwọn tó ń ti Ọjà'ba bọ̀ ń gba Bẹẹrẹ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, Àkíbù oníṣẹ́ aago sì jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, bí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlá tó ti kọ́ṣẹ́ dé láti Kúmásì. Aago mẹ́rìnlá ló so mọ́ ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ máa sọ. Bí ọ̀kan bá fi ìṣẹ́jú kan ṣíwájú àwọn yòókù, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun Àkíbù títí yóò fi tún un ṣe.

Kúbúrá, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ilé-ìwé dé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Bí ìṣó aago tí kò ju ẹyin èèrà lọ bá já bọ́ sílẹ̀, Àkíbù kì í wá a fúnra rẹ̀, Kúbúrá ni yóò pè. Ọmọ náà yóò wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò mú un. Gbogbo agbo ilé wọn ní Pópó Yemọja ló mọ ojú yìí. Ọdún márùn-ún léraléra, nígbà tí oṣù ààwẹ̀ bá fẹ́ lé, tí tọmọdé tàgbà bá gun òkè Màpó lọ wo sánmà ìwọ̀-oòrùn, Kúbúrá ló ń kọ́kọ́ nàka. Ó ti débi pé àwọn àgbà kì í bi ara wọn pé ṣé oṣù ti lé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, “Ṣé Kúbúrá ti rí i?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àkíbù ń bá aago ògiri kan jà. Ìpẹ̀tà ti mú ìṣó ìdí rẹ̀, kò fẹ́ tú. Ó fi irin ẹlẹ́nu mímú lé e, ó gbé òòlù, Kúbúrá sì na ọrùn síwájú kí ó lè rí i dáadáa. Nígbà tí òòlù balẹ̀, nǹkan kan ta.

“Bàbá,” ni ọmọ náà wí, kò tilẹ̀ pariwo, “nǹkan wọ̀ mí lójú.”

Ojú ọ̀tún ni. Àkíbù fi awò kékeré tó fi ń wo inú aago wò ó, kò rí ju àmì pupa kan tó dà bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà dára. Kò fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò ro ohunkóhun sí i, kò ní kí ọmọ nu ún. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó pe takisí, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà tan iná sí ojú náà, ó ní kí wọ́n yà á ní fọ́tò tó ń fi inú ara hàn, lẹ́yìn náà ló pe Àkíbù jókòó. Ó ní irin ti wọ inú ẹyin ojú lọ, ó sì ti jókòó síbẹ̀.

“Bí a bá tètè yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó máa fi ojú yìí ríran lọ,” ni dókítà wí. “Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò dọ̀gbẹ́, ojú á sì kú. Ohun tí mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ojú tó bá ti bàjẹ́ báyìí lè kó bá ìkejì rẹ̀. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú wà ní Èkó, ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò dé. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, ọmọ yín ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Kò gbọdọ̀ kọjá Sátidé.”

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Edith ló bo ojú náà. Ó fi nǹkan tó yọ ikùn bí ìdérí ife dé e kí aṣọ má baà tẹ̀ ẹ́. “Kò gbọdọ̀ fọwọ́ ra á,” ni ó wí fún Àkíbù. “Ẹ má ro oyin sí i, ẹ má ro omi ọmú sí i, ẹ má ro ohunkóhun. Kò sí bẹ́ẹ̀dì lónìí, ṣùgbọ́n mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ti ọ̀sán Jímọ̀. Ẹ mú un wá, kó sùn síbí, kí ilẹ̀ Sátidé mọ́ bá a.”

Àkíbù dúpẹ́, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, n kì bá tí máa sọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Níwájú ìsọ̀ Àkíbù, lódìkejì títì, ni Ọláyíwọlá ń jókòó, tó ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà. Bàbá Bọ́mà ni gbogbo Bẹẹrẹ ń pè é, nítorí pé ó bá wọn jagun Hítílà dé Bọ́mà, ọta sì bà á nítan níbẹ̀. Oṣù márùn-ún ló fi dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Íńdíà. Ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni akọ̀wé arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ náà, ti ń jókòó lálaalẹ́, tó sì kọ́ ọ ní ìwé ìràwọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀. Ọláyíwọlá kì í ṣe oníjìbìtì. Mo fẹ́ kí èyí yé wa, torí pé oníjìbìtì rọrùn láti sá fún. Kò gba nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba ohun tó kọ́ gbọ́ tọkàntọkàn, ìwé kàlẹ́ńdà ìràwọ̀ sì ń ti Íńdíà wá bá a lọ́dọọdún.

“Ìwọ tí o ń tún aago ṣe, ó yẹ kí èyí tètè yé ọ,” ni ó ti wí fún Àkíbù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. “Wo ojú aago yìí. Ilé méjìlá ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pín ojú ọ̀run sí ilé méjìlá. Alárìnkiri mẹ́sàn-án ló ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn: oòrùn, òṣùpá, ìràwọ̀ márùn-ún, àti méjì tí ojú kò lè rí, Ráhù àti Kétù. Wọ́n ní àwọn méjì yìí ló ń gbé oòrùn mì nígbà tí ọ̀sán bá dòru. Òṣùpá kì í lò ju ọjọ́ méjì àti díẹ̀ lọ nínú ilé kan. Oòrùn ń lo oṣù kan. Ṣánì, àgbà tó ń tiro, ọdún méjì àbọ̀ ló ń lò.”

“Kí ni gbogbo èyí wá jẹ́ fún èmi, ẹ̀gbọ́n?”

“Ilé tó bá ń yọ níhà ìlà-oòrùn ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bí ọ, òun ni ẹnu ọ̀nà ayé rẹ. Láàárín wákàtí méjì, ilé mìíràn ti yọ. Nítorí náà, ọjọ́ gbọ́dọ̀ pé, wákàtí gbọ́dọ̀ pé. Ti nọ́ńbà rọrùn ju ìyẹn lọ. Mú ọjọ́ ìbí, ro nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ení jẹ́ ti oòrùn, èjì ti òṣùpá, ẹ̀ta ti ìràwọ̀ Gúrù, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀sán. Ẹ̀jọ ni ti Ṣánì.”

Àkíbù rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ohun tó gbà á lọ́kàn kò ṣẹlẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1961. Lẹ́yìn ìrun mágàríbà, Ọláyíwọlá mú un gun òkè Màpó, ó sì fi ìràwọ̀ ńlá méjì hàn án níhà gúúsù, wọ́n wà nítòsí ara wọn. “Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni Gúrù, èkejì ni Ṣánì. Ìwé ní kí ọdún tuntun tó dé, àwọn méjèèjì yóò máa sún mọ́ oòrùn, a ò sì ní rí wọn mọ́.” Ìbàdàn tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀ pẹ̀lú páànù rẹ̀ tó ti pọ́n, àtùpà ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti Bẹ́yẹrúnkà títí dé Àrẹ̀mọ, lókè rẹ̀ ni iná méjì tí ẹnikẹ́ni kò tàn. Àkíbù dúró, ó ń wò wọ́n. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìró aago kéékèèké, kò mọ̀ pé aago kan wà tó tóbi tó báyìí, tí ẹnìkan kì í ká. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń gòkè lọ wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọdún sì ń parí lọ, wọ́n ń sún mọ́ oòrùn bí ìwé ti wí, títí tí wọn ò fi sí mọ́.

Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ìwé sọ òótọ́ nípa ibi tí ìràwọ̀ yóò wà, Àkíbù wá rò pé òótọ́ náà ni yóò máa sọ nípa ẹran ara ọmọ ènìyàn. Ìparí ọdún yẹn gan-an ni ó ní kí Ọláyíwọlá ya ilé ìràwọ̀ Kúbúrá sí ìwé. Ọjọ́ ìbí wà lórí káàdì ilé-ìwé rẹ̀: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1948. Àkíbù wà ní Kúmásì nígbà tí wọ́n bí i, kò sì bi ìyá ọmọ léèrè, torí káàdì ní òǹtẹ̀. Ti wákàtí ńkọ́? Ó ní àárọ̀ ni, nítorí pé àárọ̀ ni ìyá tòun fi bí gbogbo ọmọ tirẹ̀. Ọkùnrin tí ìṣẹ́jú kan lára aago ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kejì tí irin wọ Kúbúrá lójú, Ọláyíwọlá sọdá wá kí wọn. Nígbà tó gbọ́ pé Sátidé ni wọ́n fẹ́ fi abẹ kàn án, ó fi ìka ka ọjọ́.

“Sátidé tó ń bọ̀ yìí? Ọjọ́ kẹta oṣù kejì?”

“Òun ni.”

Ọláyíwọlá lọ mú ìwé rẹ̀ wá, ó ṣí i sórí tábìlì láàárín àwọn aago tó tú ká. “Àkíbù, láti Sátidé sí Mọ́ńdè, mẹ́jọ nínú àwọn alárìnkiri mẹ́sàn-án ni yóò wà nínú ilé kan ṣoṣo. Ilé náà ni wọ́n ń pè ní Mákárà, Ṣánì ló sì ni ín. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Kódà ó wà nínú pépà, wọ́n ní ní Íńdíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti jókòó ti iná àdúrà, tí wọ́n ń da òrí wàrà màlúù sí i, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé ayé fẹ́ parẹ́. Wo ọmọ rẹ wàyí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún: ení àti èje, ẹ̀jọ. Ti Ṣánì ni. Sátidé, ọjọ́ Ṣánì ni. Alárìnkiri mẹ́jọ nínú ilé Ṣánì. Ìwé ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn-àjò, kí irin má kan ara.”

Àkíbù wo ìwé náà. Ẹ̀jọ, ẹ̀jọ, Ṣánì, Ṣánì. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ara wọn bí eyín kẹ̀kẹ́ inú aago. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ní adùn nínú ni, irú èyí tí ń mú ènìyàn tí wọ́n bá fi àṣírí ńlá hàn.

“Ọjọ́ wo ló dára?”

“Òṣùpá yóò jáde kúrò nínú ilé náà ní Mọ́ńdè. Túsìdeè ti mọ́.”

Lọ́sàn-án Jímọ̀, Sìdí ìyá Kúbúrá ti di aṣọ ọmọ sínú àpò. Òwú àti abẹ́rẹ́ ni Sìdí ń tà ní Orítamẹ́rin, kò lọ sọ́jà láti Ọjọ́rú. Ọkọ rẹ̀ ti ìrun Jímọ̀ dé, ó sì sọ fún un pé ó di Túsìdeè.

“Dókítà ní Sátidé, Bàbá Kúbúrá.”

“Mo gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi kún un.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ó ní kò gbọdọ̀ kọjá Sátidé.”

“Ìyá Kúbúrá, ohun tí mo mọ̀, dókítà kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ni. Ṣé o rò pé mo fẹ́ kó fọ́jú ni?”

Sìdí mọ̀ pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tí ọkùnrin yìí ní sí ọmọ náà kò ṣeé fẹnu sọ, ìfẹ́ náà ló sì jẹ́ kí ó ṣòro láti bá a jiyàn. Ó sọ àpò kalẹ̀. Títí di òní, ohun tó máa ń sọ ni pé ọwọ́ tí òun fi sọ àpò náà kalẹ̀ ló ń dun òun jù. Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Edith tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí ẹnikẹ́ni.

Sátidé mọ́. Ayé kò parẹ́. Àwọn alágbàfọ̀ sá aṣọ, Ọjà'ba kún, aago mẹ́rìnlá sọ ohun kan náà lórí ògiri. Kúbúrá ní ojú ń ta òun díẹ̀. Ní Sọ́ńdè, kò lè jẹun, ó ní bí ẹni pé ẹnìkan ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti inú wá. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Sìdí rọra ṣí ohun tí wọ́n fi dé ojú náà. Ojú ti wú, ọyún wà nínú dúdú ojú gan-an, funfun rẹ̀ sì pọ́n bí epo.

“Kí lo rí?” ni ìyá rẹ̀ bi í, ó fi ọwọ́ kan bo ojú òsì rẹ̀, ó na ìka mẹ́ta sókè.

“N kò rí nǹkankan, Ìyá mi. Funfun lásán ni.”

Sìdí kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé ọmọ sínú takisí. Ó ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ó sì wọ ìsọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga wà níbẹ̀, tíṣà tó kọ́ Kúbúrá ní ìwé kìíní, ó wá gba aago ilé-ìwé tó gbé wá fún àtúnṣe. Ọláyíwọlá náà wà níbẹ̀, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

“Mò ń gbé ọmọ lọ,” ni Sìdí wí. “Ẹ lè tẹ̀ lé wa, ẹ sì lè dúró.”

“Ó ku òní nìkan,” ni Àkíbù bẹ̀ ẹ́. “Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni kò jẹ́ kí n...”

“Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?”

“Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní. Ó wà lórí káàdì.”

“Ta ló bí i lọ́jọ́ yẹn? Èmi kọ́.”

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga wúkọ́. Ó gbé aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. “Èmi ni mo kọ ọjọ́ yẹn, Bàbá Kúbúrá. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kún ojúde wa títí dé títì. Ẹ̀gbọ́n yín tó ti dolóògbé ló kó ọmọ agbo ilé yín wá, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹnikẹ́ni. A ní kí ọmọ fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi di etí òsì mú. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé etí ti tó ilé-ìwé. Èmi wá yọ ọdún méje kúrò nínú ọjọ́ tí a wà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ni mo kọ ọjọ́ kan náà fún nínú kíláàsì yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ báyìí, ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ló ṣe ipò kìíní ní gbogbo ìlú. Bí ọjọ́ yẹn bá ní ìràwọ̀, àwọn mọ́kànlá ló ni ín.”

Aago mẹ́rìnlá ń ró.

“Ọjọ́ tí ọ̀sán dòru ni mo bí i,” ni Sìdí wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. “Ẹ wà ní Kúmásì, ẹ ò lè mọ̀. Mò ń rọbí lọ́wọ́, ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan. Adìẹ wọ ilé lọ sùn. Gbogbo agbo ilé dákẹ́, mo rò pé mo ti kú ni. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, mo gbọ́ tí ọmọ ké. Ẹ ò bi mí rí. Ọdún mẹ́rìnlá, ẹ ò bi mí rí.”

“Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1947,” ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga wí. “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. A kọ ọ́ sí pátákó.”

Ètè Ọláyíwọlá ń mì. “Ogún,” ni ó ń wí bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. “Èjì ni. Ti òṣùpá ni. Ráhù sì wà lẹ́nu oòrùn...”

Sìdí wò ó. “Bàbá Bọ́mà, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Àkíbù kò ti ìsọ̀. Ó jáde bí ó ti wà, pẹ̀lú awò kékeré lọ́rùn, ó wọ inú takisí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

Dókítà ojú kò bá wọn jà. Ó wo ojú náà pẹ́, ó fọ ọwọ́, ó ní kí àwọn òbí jókòó. Ó ní ká ní Sátidé ni, òun ì bá yọ irin yẹn, ìrètí sì wà pé ojú yóò yè. Ní báyìí, gbogbo inú ojú ti di ọyún. Bí òun bá fi í sílẹ̀, ó lè gba orí lọ sínú ọpọlọ, ó sì lè fọ́ ojú òsì. Ohun tó kù ni kí wọ́n yọ ojú ọ̀tún kúrò pátápátá, lọ́jọ́ náà.

Àkíbù bèèrè bóyá wọ́n lè yọ tòun kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Dókítà ní kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Nọ́ọ̀sì Edith gbé ìwé wá fún un, ó fọwọ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Túsìdeè tí ìwé ní ó dára, Kúbúrá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn pẹ̀lú báńdéèjì tó gba ìdajì orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó gbé ife náà síwájú rẹ̀. Kúbúrá na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ pa dé lórí afẹ́fẹ́, ní ìbú ìka méjì sí ife. Ó tún nà án, ó tún tàsé. Nígbà kẹta ló kàn án. Nọ́ọ̀sì Edith ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ku ojú kan, pé yóò kọ́ bí a ti ń wọn ọ̀nà padà díẹ̀díẹ̀. Àkíbù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó rò ó pé ta ni yóò máa bá òun ṣa ìṣó. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í pé ohun tí òun rò nìyẹn, ó sì sunkún.

Ọjọ́ náà ni wọ́n ń wo oṣù ààwẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rí àwọn aláìsàn mìíràn tó dúró sí pápá, tí wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ará Pópó Yemọja yóò ti wà lórí òkè Màpó. Ọláyíwọlá ti wá pẹ̀lú ìtan rẹ̀ tó ń ro ó, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọyẹ́ ti bo ìsàlẹ̀ sánmà, gbogbo ènìyàn ń wò, wọn ò rí nǹkankan.

Kúbúrá gbé ife sílẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó yí i díẹ̀ sí òsì, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Ó ti lé, Bàbá,” ni ó wí. “Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, lókè ọ̀pẹ. Ó tín-ín-rín.”

Àkíbù bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé ìka rẹ̀, ó sì rí i. Ọmọ náà tàsé ife tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùpá tó jìnnà tó báyìí, kò tàsé rẹ̀. Ní pápá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé oṣù ti lé. Òṣùpá yẹn ti bá àwọn méje yòókù gbé inú ilé kan, ó sì ti jáde, kò mọ orúkọ Kúbúrá, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó wulẹ̀ lẹ́wà ni. Àkíbù gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní kó dárí jin òun. Ọmọ náà fi orí ti èjìká rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi kò ní kí ẹ má gbójú sókè. Ẹni tí sánmà kò bà lẹ́rù rí, kò tíì wò ó dáadáa. Ẹ kọ́ nípa ìràwọ̀ bí ẹ bá fẹ́, ẹ ka ìwé ilẹ̀ Íńdíà àti ti ilẹ̀ mìíràn, ẹ ro nọ́ńbà yín pọ̀ kí ẹ fi ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá ń fi àìsàn hàn yín, ẹ má lọ bèèrè lọ́wọ́ ìwé bóyá ọjọ́ dára. Bí nǹkan bá gún ènìyàn lójú, ẹ má ra á, ẹ má ro ohunkóhun sí i, ẹ má gbìyànjú láti yọ ọ́. Ẹ rọra fi nǹkan tó yọ ikùn, tí kò ní kan ojú náà, dé e, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bí i, kí tíṣà má baà fún un ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè.

Aago mẹ́rìnlá ṣì wà lára ògiri ní Bẹẹrẹ. Àkíbù so ìkẹẹ̀ẹ́dógún mọ́ wọn, ó dá a dúró sí aago mẹ́jọ, ìgbà tí dókítà ì bá ti yọ irin lójú ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a.